Àlìkámà Òkú fún Obìnrin Tí A Kò Tíì Bí

Nevena ọmọ mi,

Ìlú Sófíà kò ní rí ọ gbé mì o. Bí o ṣe ń jáde láyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé láyọ̀. Ṣé o ń jẹun? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń bá mi ṣọ̀tá. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Òjò ti fa ìwé ìkéde òkú bàbá rẹ ya lára géètì, mo ti lẹ òmíràn.

Mo rí páálí ìwé tí o fi ránṣẹ́ gbà, mo sì ka lẹ́tà inú rẹ̀. O ní o fẹ́ ti ilé ìtàwé rẹ pa, nítorí ìtàn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin kọ, lo kó síbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sọ pé àlá asán ni, pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Mo wọ awò ojú bàbá rẹ, mo sì mú èyí tó wà lókè.

Háà, Nevena! Ìtàn Zlatina ni, obìnrin tó ń tún iná ṣe nínú ọkọ̀ tó ń fò lọ sí ìràwọ̀! Ọ̀nà yẹn jìn débi pé ìyá rẹ̀ ti kú nílé kí wọ́n tó dé ìdajì. Òun náà wá kú lọ́hùn-ún, òun nìkan, níbi tó ti ń tún iná ṣe kí àwọn ọmọ inú ọkọ̀ má baà wà lókùnkùn. Mo sunkún títí ọbẹ̀ ẹ̀wà mi fi jóná. Mo wá a dé ojú ewé tó kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó tan àbẹ́là fún un, kò sẹ́ni tó se àlìkámà tí a fi ń ṣèrántí òkú. Irú àwọn èèyàn wo nìyẹn?

Ni mo bá lọ bá Kalin tó ń tẹ ìwé ìkéde òkú. Ó ní ọjọ́ wo ló kú, mo fi hàn án nínú ìwé. Ó wò mí, ó ní Màmá Gina, ọdún yìí kò tíì dé o, wọn ò tíì bí obìnrin yìí. Mo ní ṣé torí ìyẹn la ó ṣe jẹ́ kó sùn láìní àbẹ́là? Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán Zlatina tó wà lẹ́yìn ìwé ni mo gé fún un, má bínú. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ, kó má baà dá wà, mo sì se àlìkámà, mo bu ṣúgà sí i dáadáa.

Ó di àárọ̀, gbogbo obìnrin àdúgbò ti dé, wọ́n rò pé ẹbí wa ni. Wọ́n ti ń jẹ àlìkámà kí n tó ṣàlàyé. Stoyna aládùúgbò wa, o mọ ẹnu rẹ̀, ó ní orí mi ti dàrú, pé mo fi oúnjẹ òkú bọ́ wọn nítorí irọ́ inú ìwé, kí n lọ da ìyókù fún adìẹ. Mo ní irọ́ kẹ̀? Jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tí Zlatina ti ń bá fọ́tò ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Stoyna bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kúkú wà ní Spéìnì, kò tíì wálé láti ìgbà tó ti lọ. Ó na abọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n bu sí i, ó ní kí Ọlọ́run forí ji Zlatina. Gbogbo wọn tún un wí.

Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Ẹni tó ti lọ làwa máa ń sunkún. Ẹni tó ń bọ̀ ni obìnrin tó kọ ìwé yẹn ń sunkún. Ta ní ń pe ìyẹn ní asán? Bí kì í bá ṣe ìwọ tó ṣílẹ̀kùn fún un, ibo ni ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ wa?

Tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n á gbé àga wọn wá. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì. Jọ̀ọ́, bẹ àwọn òǹkọ̀wé yẹn kí wọ́n rọra máa pa èèyàn, nítorí Kalin kì í tẹ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí o sì fi owó ṣúgà ránṣẹ́, ìrántí ogójì ọjọ́ Zlatina ń bọ̀, Stoyna nìkan sì mọ bó ṣe ń jẹun.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ fún mi, ilẹ̀kùn tí o ṣí kò ní tì mọ́ ẹ lójú. Má ti ilé ìtàwé yẹn pa. Ẹni tó bá tún sọ pé kò sẹ́ni tó ń ka ìwé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, sọ fún un pé odindi abúlé kan ti jẹ àlìkámà òkú Zlatina.

Èmi ìyá rẹ,
Gina