Àlejò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Nílé Ìfọṣọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ajá kan ló sùn sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé láàárọ̀ yìí. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú, etí ọ̀tún ya, egungun ìhà ṣeé kà. Mo lé e, kò lọ. Mo bu omi fún un — omi tí mo fẹ́ fi wọ́n aṣọ tí mò ń lọ̀ — ó lá a tán, ó tún ń wò mí. Okùn tó já wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan ló ni ín, níbì kan. Mo ń pè é ní Àlejò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó ṣì wà.

Ọjọ́rú, 5
Mo mú un wálé. Ọ̀gágun (ọkọ mi, ìwé yìí nìkan ló mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn) kò jà. Ó kàn rán mi létí pé onílé kò fẹ́ ẹran ọ̀sìn, kí n yáa wá ẹni tó máa gbà á kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó ju ìdajì sílẹ̀ fún ajá. Ẹni tó ń lé àlejò, tó tún ń fún un lóúnjẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Gbogbo oníbàárà ni mo bi. Bíríkìlà fẹ́ ẹ, àmọ́ ṣéènì ló máa fi dè é tọ̀sán-tòru. Mo ní rárá. Ìyá tó ń ta oògùn káàánú rẹ̀ gan-an, àánú ẹnu. Àánú ẹnu kì í yó ajá. Mo ti pè é ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ ajá. Etí rẹ̀ kò tiẹ̀ mira.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọlọ́run ṣeun. Tíṣà Àgbà gbà. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo ajá. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé ìwé ló fẹ́ wọ̀. Sátidé ni kí n mú un wá.

Ọjọ́rú, 12
N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àbúrò mi wá jẹun níbí lẹ́yìn iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń ráhùn nípa bàbá kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ ló gbé e wá láti títì, lọ́jọ́ òjò ńlá oṣù tó kọjá. Àrùn rọpárọsẹ̀. Apá òsì ti kú, kò sí ìwé kankan lápò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá a wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu rẹ̀ àfi gbólóhùn kan. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, gbólóhùn yẹn ni. Ilé ńkọ́? Òun náà ni. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Aláfojúdi. Mo ní kí ló tiẹ̀ ń sọ ná. Àbúrò mi sín bàbá náà jẹ:

“Kí ló kàn yín?”

Àlejò, tó sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fò dìde. Ó wo ẹnu àbúrò mi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó — ajá tí n kò gbóhùn rẹ̀ rí. Ṣíbí Ọ̀gágun dúró láàárín àwo àti ẹnu. Àbúrò mi tún un sọ, jẹ́ẹ́jẹ́. Ajá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé e létan.

Kò sẹ́ni tó jẹun mọ́. Kì í ṣe àfojúdi. Orúkọ ajá ni! Irú èyí táwọn èèyàn máa ń sọ ajá kí wọ́n lè fi pòwe mọ́ ará ilé. Láti ọjọ́ yìí wá, ajá rẹ̀ ni bàbá yẹn ń pè, tí wọ́n sì ń bínú sí i.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mátírọ́ọ̀nù kò gbà kí ajá wọ wọ́ọ̀dù. Wọ́n fi àga onítáyà ti bàbá wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ajá kò gbó, kò fò. Ó kàn lọ gbé orí lé orúnkún bàbá, ẹ̀gbẹ́ tí kò mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ kejì bàbá ń táràrà bọ̀ títí ó fi kan orí ajá. “Kílókànyín,” ló ń wí, “Kílókànyín, Kílókànyín.” Mátírọ́ọ̀nù kọ ẹ̀yìn sí wa. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo ní, “Kílókànyín, ó yá, sílé.” Ó gbéra. Mo tẹ̀ lé e — ẹ̀yìn ilé ìwé, orí afárá kékeré, ọ̀nà àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ilé gígùn kan, ìlẹ̀kùn méjì tó kọjú síra, àgbàlá láàárín. Àgádágodo wà lára ọ̀kan, èékánná ajá sì ti ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Níwájú ìkejì, bàbá káfíńtà kan ń pọ́n ayùn. Ojú bàbá ọsibítù gan-an, àfi pé ẹnu tirẹ̀ kò wọ́. Ajá sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi.

Mo bi í pé ta ló ni ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn. Àbúrò òun ni, ó ní. Ìyá kan, bàbá kan. Wọ́n jà lórí ìpín ilé yìí, wọn ò kíra wọn látìgbà náà. Àbúrò wá ra ajá, ó sọ ọ́ lórúkọ, àràárọ̀ ló ń kọjú sí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n pè é. “Ó ṣáà fi ‘yín’ sí i,” bàbá ní, “ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́.” N kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé ṣé kò rí i pé ìlẹ̀kùn kò ṣí mọ́ ni. Ó rí i. Ajá ń hu níbẹ̀, ó sọ òkúta lé e lọ.

“Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi pé kí ló kàn mí. Mo gbà á gbọ́.”

Mo sọ ibi tí àbúrò rẹ̀ wà. Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ó lè rìn. Mo ní àga onítáyà ni wọ́n fi ń tì í. Àgbàlá lásán ló wà láàárín wọn o. Mo lè fi ìgbálẹ̀ gbá a tán kí omi tó hó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo lọ bẹ Tíṣà Àgbà pé kó dúró ná. Ó ti rán ibùsùn ajá.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ẹ̀gbọ́n wá sí ọsibítù. Mo mọ aṣọ: inú àpótí ló ti yọ ọ́, ojú ibi tó ti ká a ṣì hàn. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó wò ó pẹ́.

“Kí ló kàn yín?”

Ajá kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ bóyá ajá ló ń béèrè ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń dá lóhùn.

“Ó kàn mí,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ó kàn mí, àbúrò mi.”

Àbúrò yí ojú sí ògiri. Ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nígbà tí ẹ̀gbọ́n dì í mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, ajá ló wá gbà. Wọ́n máa dá àbúrò sílẹ̀ láìpẹ́, kò yẹ kó bá ilé láìsí ajá. Mo ní ṣé ọwọ́ tó sọ òkúta náà ni. Ó ní ọwọ́ yìí náà ni, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó wá pe ajá lórúkọ. Ajá wò mí. Mo sì na okùn sí i — èmi náà! Tíṣà Àgbà ní orí mi kò pé. Ó lè jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo yọ sí ẹ̀gbọ́n láìsọ tẹ́lẹ̀, kí n lè wo ara ajá bóyá ọgbẹ́ wà. Kò sí. Àgádágodo ti kúrò, ìlẹ̀kùn àbúrò ṣí gbayawu. Ẹ̀gbọ́n ń fi ìfági fá igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí àga onítáyà lè wọlé. Ajá dùbúlẹ̀ lọ́nà jíjìn, àwo oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án. Bàbá ní látìgbà tó ti dé, kò jẹun lójú òun rí.

Ó padà sídìí iṣẹ́, ó kẹ̀yìn sí wa. Ajá dìde, ó na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. A ń gbọ́ eyín rẹ̀ lára àwo. Bàbá náà gbọ́. Kò yíjú. Ó dá ìfági dúró, ó kọjú sí ògiri, kò mira, títí ajá fi jẹun tán.