Igbá Omi Ẹgbẹ́ Adánilárayá

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Ọ̀wàrà, 1956

Dókítà Àgbà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lónìí. Kò ní kí n jókòó. Ó ní tí ọdún tuntun bá dé, kò ní sí àyè mọ́ ní wọ́ọ̀dù kankan fún àwọn tó ń bá aláìsàn ṣeré — bó ṣe pè wá nìyẹn — àfi tí a bá ní ẹgbẹ́ tó dúró dáadáa, tó ní òfin, tó ní alága, tó ń ṣe ìpàdé. Kí ìpàdé náà sì wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú. Mo ní a ní ẹgbẹ́. Ó ní, "Níbo?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Níbo lóòótọ́? Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá Dúrótìmí, tó dá Ẹgbẹ́ Adánilárayá sílẹ̀, ni ẹgbẹ́ ti bá a wọlẹ̀. Joseph ní òun á máa dele alága, ó sì jókòó pa sórí àga. Kò pe ìpàdé kankan. Àwọn kan ti lọ ṣòwò kòkó, àwọn kan ti gba Jọ́ọ̀sì lọ wa kùsà. Àwa tó kù ò tó nǹkan: èmi tí mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní agbọ̀n híhun lórí bẹ́ẹ̀dì níbí ní Kàbà, Lois pẹ̀lú orin rẹ̀ ní Mopa, Bámigbóyè pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àkísà ní Ìsánlú, àti àwọn díẹ̀ mìíràn.

Eré! Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù mi tí kò la ẹnu láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Láàárọ̀ yìí ó na ọwọ́ sí koríko pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún mọ́ funfun. Tí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò gbé koríko fún un?

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lọ bá Joseph nílé. Oníbàtà ni mò ń pè é nínú ọkàn mi — ẹ ó ti gbọ́ kò-kò-kà kí ẹ tó rí i. Ó ní kò sí wàhálà, ká ṣe ìpàdé, òun náà ni kí a fi jẹ alága. "Ta ló tún kù?"

Inú bí mi. Mo ní rárá o. Mo ní òfin Bàbá Dúrótìmí la máa tẹ̀ lé, láti orí dé ìdí. Àga máa ń yí ká ni: Kàbà, Mopa, Ìyàgbà, Ìjùmú. Ó kan Ìjùmú. Mo ní omi náà ńkọ́? Nítorí bí Bàbá ṣe ń ṣe é nìyí: alága tuntun á kọ́kọ́ mu nínú igbá omi, á gbé e yí ká, gbogbo wa á mu nínú rẹ̀, igbá á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló máa mu ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ẹni tí kò bá mu kì í ṣe ara wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Joseph kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Olúṣínà, ta ni ará Ìjùmú nínú wa?"

Mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kí n tó rántí. Isaiah.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo gba Ibùdó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà sí. Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni Isaiah, kékeré ni wọ́n gbé e wá. Ó ti sàn, ó ti pẹ́ tó ti sàn — Dókítà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ara rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ìka rẹ̀ méjì ló ká sínú, ìyẹn náà ló kù. Kò padà sílé. Ó ní àwọn tó wà ní Ibùdó ni òun mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣeré bíi tiwa, ó sì wọ ẹgbẹ́.

Mo bá a lórí pápá. Àwọn tí kò ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń ṣépè fún ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ṣubú, gbogbo wọn hó. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì mú kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Òkun o, Ìyá Olúṣínà," ó kí mi.

"Òkun o." Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní kí a jọ̀wọ́ kí a wá ẹlòmíràn, àwọn yòókù ò ní mu omi lẹ́yìn òun. Mo ní wọ́n á mu. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mo ní, "Kí lẹ rò pé mo jẹ́?" Ohùn mi le. Mo fi Ọlọ́run búra fún un. Ó ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Lọ́rì dé Mopa lọ́sàn-án, eruku ti sọ mí di ẹni pupa. Lois — Ata ni mò ń pè é, ẹnu rẹ̀ ló fà á — kò jẹ́ kí n sinmi. "Adẹ́tẹ̀ lẹ fẹ́ fi jọba lórí wa?" Mo ní kò lẹ́tẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi kéré, Sìsítà. Ọmú ló ń mu." Mo ní àwọn tí à ń bá ṣeré lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣe aláìsàn ni? Ó ní bíbá wọn ṣeré yàtọ̀ sí mímu omi ẹnu wọn.

A fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ṣé ẹ̀yin á mu?" Mo ní màá mu. "Kí ẹ gbé e mì?" Mo ní màá gbé e mì. Ó ní bí èmi bá mu, òun náà á mu.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Ọ̀wàrà

Bámigbóyè wá sí Kàbà wá ra aṣọ, ó yà kí mi. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Joseph náà gbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà á bọ́ tí a ò bá di ẹgbẹ́, kò sọ ọ́, ojú rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn yòókù ní ohun tí àgbà bá ṣe làwọn á ṣe.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lá àlá àbúrò ìyá mi. N kò rò ó láti ọjọ́ yìí wá. Ilé wa ni wọ́n ti wá mú un lọ sí Ibùdó, ó ń pariwo orúkọ ìyá mi. Wọ́n dáná sun yàrá rẹ̀: ẹní, aṣọ, igbá ìmumi, gbogbo rẹ̀. Ìyá mi bu eérú, ó fi fọ ẹnu fún àwa ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí a ti bá a jẹun lánàá ọjọ́ náà. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo jí, ẹnu mi korò.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Bélú

Obìnrin wọ́ọ̀dù mi dárúkọ ọmọ rẹ̀ lónìí. Ọmọ́ṣọlá. Ó sọ ọ́, ó ń hun agbọ̀n lọ. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Bélú

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kíláàsì kan la ti ṣe é. Gbogbo wọn wá. Akọ̀wé Dókítà jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tí a fẹ́ ṣe. Isaiah wọ ẹ̀wù funfun, ó ti lọ ọ́ dáadáa. Joseph ka òfin. A na ọwọ́ sókè, a yan Isaiah. A pàtẹ́wọ́.

Igbá tuntun ni mo rà, èmi ni mo pọn omi kún un. Isaiah gbé e. Ó mu díẹ̀, bíńtín báyìí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnu òun pẹ́ lára igbá. Ó gbé e fún Joseph. Joseph gbé e sẹ́nu, gògóńgò rẹ̀ lọ sókè sódò. Ó dé ọwọ́ Bámigbóyè, ó dé ọwọ́ àwọn yòókù. Ó dé ọwọ́ Ata. Mò ń wò bó ṣe gbé e sẹ́nu. Mo ní nínú mi, Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ń mu ún.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, akọ̀wé ló sì máa ń mu kẹ́yìn. Ata gbé e lé mi lọ́wọ́.

Igbá náà wúwo.

Mo wo inú rẹ̀. Omi ṣì wà níbi tí Isaiah fi í sí. Kò sí ẹni tó mu ún. Ìbínú wá sí mi lójú — àwọn èké, àwọn ẹlẹ́tàn! Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ìyẹn ni mo máa fi yàtọ̀ sí wọn. Mo gbé e sẹ́nu. Omi kan ètè mi, ó tutù. Ọ̀nà ọ̀fun mi ò ṣí. Mo fẹ́ kó ṣí, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, kò ṣí. Mo ṣe gògóńgò sókè sódò bíi ti Joseph. Mo gbé igbá sọ̀.

Mo gbé e padà fún Isaiah.

Ó wo inú igbá. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè, kò sì wo ẹnì kankan. Ó gbé e sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Igbá ńlá ni. Ó ń mu, omi ń ṣàn sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, a jókòó, à ń wò ó. Akọ̀wé Dókítà rò pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó mu ún tán pátápátá. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti bá gbogbo yín mu ún."

A pàtẹ́wọ́. Kí la tún lè ṣe?

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Bélú

Dókítà Àgbà ti fọwọ́ sí i. Ó ní akọ̀wé òun ròyìn pé ìṣọ̀kan wa wú òun lórí. Wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn yòókù ń kí mi, wọ́n ń pè mí ní ìyá ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ omi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Bélú

N kò lè sùn, n kò lè jẹun, mo gba Ibùdó lọ láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn nínú oòrùn. Isaiah ń di àkísà mọ́ bọ́ọ̀lù. Ó dìde, ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà Olúṣínà, ó nu àga fún mi. Ó ti ń ro ìpàdé oṣù Ẹrẹ́nà, ó fẹ́ kí àwọn ará Mopa wá kọ́ àwọn tibẹ̀ lórin. Kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bínú. Mò ń wá bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó wò mí bí mo ṣe ń làágùn. Ó ní, "Ẹ máà bínú, Ìyá Olúṣínà, n kò ní bu omi fún yín." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

Òùngbẹ sì ń gbẹ mí gan-an. N kò lẹ́nu láti tọrọ.