Ìléru Bùsọ́lá Tí Mo Pa

Túsìdeè, ìrọ̀lẹ́.

Ìka kan péré ni mo fi ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Iná ń ṣẹ́jú lọ́sàn-án. Ní Ìdóàní tiwa, tíná bá ti ń ṣẹ́jú, a máa ń yára pa gbogbo suwíìṣì kí nǹkan má baà jó. Èmi gáàdì ọlọ́gbọ́n ní iléèwé gíga yìí, mo pa ìléru tí Bùsọ́lá akẹ́kọ̀ọ́ fi ń se òkúta ìwádìí rẹ̀ mọ́ ọn. Àṣé bátìrì ló ń gbé ìyẹn! Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó tutù. Òkúta ti fọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rèé, iléèwé ò sì ní fún un láyè mọ́.

Kò bú mi. Ó ní ìpele ìpele ni òkúta yẹn, àwọn ẹyọ tíntìntín inú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ̀lẹ́kítíróònù ń yí bí òkòtó, kálukú fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ìkejì. Tí wọ́n bá pé mẹ́ta, ẹnì kẹta ò ní mọ ibi tó máa kọjú sí.

"Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá wọn parí ìjà ni?"

"Bàbá, ìjà yẹn gan-an ni mo fẹ́ wò." Ló bá bú sẹ́kún.

Iná ti dé báyìí, ó mọ́lẹ̀ rekete. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.