Ìyá Inú Ìtàn Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá, 1994. Ìṣíkàn, Àkúrẹ́
Ìyanṣẹ́lódì àwọn tíṣà kò tíì parí. Ilé-ìwé ṣì wà ní títì. Ọ̀gá Akíntóyè ní òun kò lè máa wo àwa tí ìdánwò ń dúró dè níran — ó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tòní: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn. Kí kálukú lọ kọ ìtàn tirẹ̀ wá.
Mo ti mọ ẹni tí màá kọ. Ṣọ́jà: bí mo ṣe ń pe ìyá mi nínú ọkàn mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ṣọ́jà ránṣẹ́ láti Oǹdó. Ó ní kí n kó ẹrù mi kúrò lọ́dọ̀ Àǹtí Agnes, àbúrò òun, kí n wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìwé tí kò ní tíṣà kì í ṣe ìwé, ó ní.
Mo sunkún títí. Mo kọ ìtàn náà tán. Ìyá inú rẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí irin gbígbóná. Àfiwé tààrà!

Ọjọ́ Rú, 5
Mo kà á sí Ọ̀gá létí. Ó ní èdè mi dùn, ṣùgbọ́n ìyá yìí kì í ṣe ènìyàn, páálí ni. "Kí ló ń bà á lẹ́rù?" Mi ò mọ̀. Ìyá tó bí mi!

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kò sí epo, kò sí ọkọ̀. Màá lọ bá a ní Oǹdó lọ́la bó ti wù kó rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8. Oǹdó
Ẹ̀yìn ọkọ̀ agbépákó ni mo jókòó sí. Mo bá Ṣọ́jà nídìí gàrí tó ń yan. Mo bi í léèrè: Ìyá mi, kí ló ń bà yín lẹ́rù?
Ó ń yan gàrí lọ, ó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ti yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Wọ́n ní kó ní sùúrù di ìgbà kòkó. Kòkó so, ó tún so, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilé-ìwé mọ́. "Ìdúró yẹn ló dùn mí jù. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà dúró lásán."
Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo ka ìtàn mi fún un, tìtìjútìtìjú. Ó ní, "Ìyá tìẹ yìí kì í rẹ́rìn-ín ni? Èmi ń rẹ́rìn-ín o!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, èéfín ń pa á lẹ́kún. Èmi náà rín in.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Lẹ́yìn ìsìn, mo tún ìtàn kọ láti ojú tirẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń dá sí i. "Fi òjò sí i. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi." Ibùdó ìtàn — òun ló fún mi!
Nírọ̀lẹ́ ó ń di gàrí sínú àpò. Mo rò pé ti ọjà ni.
"Tìẹ ni. Ẹ̀kọ́ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá yín lọ́la, àbí kò sí? Agnes yóò wá ibi tí wàá ti máa kọ́ aṣọ rírán nírọ̀lẹ́. Tètè sùn, kí o lè rí ọkọ̀ Àkúrẹ́ láàárọ̀."