Àtàǹpàkò Kan Lórí Mítà Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Orúnkún mi náà ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ òun ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Ta ló tún wá ránṣẹ́ pè mí lónìí? Ọ̀gá Rúlà. (Ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò wa. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — obìnrin náà tọ́ gbọọrọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ò sì ní kọ́nà.)

Àyè ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì kìíní. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ló ń wá a. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ lẹ́nu wò, wọ́n sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn èèyàn pàtàkì. Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, àfi bíi pé inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ni ọgbọ́n ń gbé. Ó ní ìyẹn ti tán. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ dé géètì ilé-ìwé, ọgọ́ta tó bá sún mọ́ jù ló wọlé. Kò sí ìdánwò, kò sí lẹ́tà, kò sí "ẹ bá mi wí fún wọn". Èmi ni kí n wá wọn ọ̀nà.

Mo sọ fún un pé ọmọ àbíkẹ́yìn mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọmọ náà sì wà nínú àwọn tó ń wá àyè. Ó ní, "Bàbá, kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n ò ní ọmọ-ọmọ."

Mo fa Aláròyé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n mi nìyẹn: ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá ìdìmú kan. Tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, mítà kan ni, nọ́ńbà ara rẹ̀ á sì fi ọ̀kan lé e. Ó máa ń han ṣáá, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi tépù irin yẹ̀ ẹ́ wò. Mítà kan rẹ́gí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ilé méjìlélógún. Gbogbo ayé ti di wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kí n jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sinmi ní kọ́nà wọn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti ń ka àkàjù. Ti oníbúrẹ́dì jẹ́ 940. Ó ní kẹ̀kẹ́ ń purọ́, pé ojoojúmọ́ lòun ń gbé búrẹ́dì lọ sí ilé-ìwé yẹn tí kì í tutù lójú ọ̀nà. Mo ní a kì í fi búrẹ́dì wọn ọ̀nà.

Alágbàfọ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé epo — 903. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé àga fún mi, ó padà sídìí aṣọ tó ń lọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin di ilẹ̀kùn mú gbagbaga, bíi pé tó bá jù ú sílẹ̀ ilé á sún sẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Àná àti òní: ilé mẹ́rìnlélógójì. Orúnkún ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Rọ́bà ẹsẹ̀ Aláròyé já létí gọ́tà. Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta fi tuntun sí i. Ó ní, "Bàbá, èyí nípọn. Ọmọ-ọmọ yín ló máa jogún ẹ̀." Ó tún fi epo sí i lára. Ó dákẹ́! Ogún ọdún ló fi ń ṣàròyé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìsinmi. Àbíkẹ́yìn mi ń gé èékánná Oníbéèrè. (Ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi náà ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ sì ń ro ó.) Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń wọṣẹ́. Tí ọmọ bá wọ ilé-ìwé ìtòsí, á máa bá àwọn ọmọ ilé kejì rìn lọ. Tí kò bá wọ ọ́, ó di ilé-ìwé òdì-kejì afárá, èyí tí kò kún rí, ta ló sì máa mú un lọ? Ó ní òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kò gbójú sókè tó fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ló fi wá iṣẹ́ yẹn, oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò nídìí ẹ̀.

Mo yára sọ pé orúnkún mi ò lè gba afárá yẹn. Kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Oníbéèrè ní, "Bàbá àgbà, ta ló gbé ilé-ìwé kejì lọ síbẹ̀?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo wọn ilé wa. Mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì. 894. Mo tún un wọ̀n. 894.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Oníbúrẹ́dì ti dá ògiri lu! Ó la ilẹ̀kùn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré sí apá ilé-ìwé. Ọ̀gá Rúlà ní ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn ń jẹ́, kí n wọ̀n ọ́n. 918. Ọkùnrin náà dì mọ́ mi tìyẹ̀fun-tìyẹ̀fun. Mo wálé bí ẹja tó kù kí wọ́n dín. Ìyàwó rẹ̀ dúró sínú ihò ògiri, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ó parí. A to nọ́ńbà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Rúlà, láti orí ẹni tó sún mọ́ jù. Ẹni ọgọ́ta: Oníbéèrè, 894. Ẹni kọkànlélọ́gọ́ta: ọmọ alágbàfọ̀, 903. Ọmọ oníbúrẹ́dì ṣì wà lẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Kò yẹ kí n tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sáré délé — àní mo sáré! — mo sọ ọ́. Ọmọ mi sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ ra ìbọ̀sẹ̀ funfun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo kọrin ní balùwẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oníbúrẹ́dì wá fẹjọ́ sùn. Ó ti yọ Ọ̀gá Rúlà lẹ́nu títí tó fi sọ fún un pé kó má retí. "Bàbá, mo fi odidi ògiri ra mítà méjìlélógún, wọn ò tún gba ọmọ mi!" Ihò yẹn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé fẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ kiri, ìyàwó rẹ̀ ò sì yà sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti dúró. Mítà méjìlélógún. Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Bí oníbúrẹ́dì ṣe gùn tó yẹn, ìṣísẹ̀ rẹ̀ márùn-ún ò lè ju mítà mẹ́rin lọ. Níbo ni mítà méjìdínlógún yòókù ti wá?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo na tépù irin sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yí Aláròyé po lẹ́ẹ̀kan. Mítà kan, àti ìbú àtàǹpàkò kan lé e. Mo tún un yí. Àtàǹpàkò kan. Rọ́bà tuntun ló nípọn jù: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti tóbi sí i, ó ń gbé ìgbésẹ̀ ńlá, ó sì ń ka díẹ̀. Gbogbo ilé tí mo wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, ilé méjìdínlógójì, ni kẹ̀kẹ́ fà sún mọ́ ilé-ìwé ju bó ṣe rí lọ. Mo ṣírò tiwa. Kì í ṣe 894. 911 ni. Ti ọmọ alágbàfọ̀, rọ́bà àtijọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. 903 rẹ̀ dúró digbí.

Èmi nìkan ló mọ̀. Èmi àti Aláròyé, òun náà ò sì ṣàròyé mọ́. Ta ló fẹ́ wá na tépù yẹ̀ mí wò? Mo fi tépù sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mú un jáde. Mo tún dá a padà. Àgbàlagbà bíi tèmi ń bá tépù ṣeré bojúbojú! Gbogbo ìgbà tí mo bá fi pa mọ́, ọmọbìnrin tó di ilẹ̀kùn mú yẹn ni mò ń rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní, "Bàbá, nítorí àtàǹpàkò kan?" Mo ní lórí mítà kọ̀ọ̀kan ni. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Oníbéèrè bi mí bóyá ilé wa ti sún sẹ́yìn. Mo ní ilé wà níbi tó wà, bàbá àgbà ló sún. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Kí géètì tó ṣí ni mo ti débẹ̀. Ọ̀gá Rúlà gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ fi kún un fún gbogbo wọn." A tún ilé méjìdínlógójì ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ilẹ̀kùn tuntun oníbúrẹ́dì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà: ọmọ kan jáde, ọmọ kan wọlé. Ì bá jẹ́ ọmọ mẹ́ta ló jáde, èmi àti àwọn ará ilé wọn ì bá jọ sunkún.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ níwájú géètì. "Ẹ ṣé o, Bàbá. Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ yín ò ní ṣojúsàájú." Kẹ̀kẹ́ gan-an ló sì ṣe é! Mo ní kó dìde. Inú mi dùn fún un, inú mi sì bàjẹ́ fún ara mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

"Ẹ káàárọ̀." "Ó dàárọ̀." Gbogbo ohun tí ọmọ mi ń bá mi sọ nìyẹn. Mo rí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò tíì buwọ́ lù ú. Mo mú Aláròyé, mo kọjú sí afárá. Mo jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀kan lórí pèpéle ẹni ẹlẹ́ni. Tàtàǹpàkò-tàtàǹpàkò, ó jẹ́ 2,140. Mo kọ ọ́ sórí bébà kékeré, mo gbé e lé ìwé yẹn lórí: Mo ti wọ̀n ọ́n. Èmi ni n ó máa mú un lọ, èmi ni n ó máa mú un bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ìwé náà ò sí lórí tábìlì mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Bàtà mi tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Ẹtì ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti fi rọ́bà dúdú tuntun tẹ́ ẹ nídìí, ó nípọn. Mo mọ rọ́bà yẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin oríta ni.

Oníbéèrè dúró tì mí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní ìbéèrè. Iṣẹ́ ló fẹ́ jẹ́. "Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé rọ́bà tó bá nípọn máa ń jẹ́ kí ọ̀nà sún mọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí okùn bàtà náà dáadáa. Mo so ó. A gbéra.