Fèrèsé Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dí

Carrownalee, Etí Òkun,
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kọkànlá, 1911.

Malachy Devane,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyá rẹ, Mama Honor. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwọ náà kò ní ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, n ó yọ ọ́ lónìí. O rántí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí a fi koríko bo orí rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú èéfín yẹn ni èmi àti ìwọ ti kọ́ ìwé lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Ibẹ̀ náà ni ikọ́ ti mú Delia àbúrò mi, tó fi kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, o di ọwọ́ mi mú, o ní, "Festy, tí wọ́n bá kọ́ tuntun, oòrùn á máa wọlé bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n jókòó sí."

Nígbà tí àwòrán ilé tuntun dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Dublin, òkè téńté ni wọ́n fi fèrèsé sí, kí àwọn ọmọ má baà máa wòta. Èmi ni bíríkìlà, ìwọ ni olùkọ́ àgbà. O ní, "Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti gbà. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jàre!" Mo sọ fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìhà gúúsù kalẹ̀ dé ìbàdí ọmọdé. Lọ́jọ́ tí a fi gíláàsì sí i, Sabina ọmọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń ka iye ọkọ̀ apẹja tó wà lójú òkun.

Àfi bí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ṣe dé. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kan fèrèsé: "Ta ló ní kí wọ́n ṣe báyìí?" Mo wojú rẹ. Gbogbo òbí tó wá wo ilé tuntun dúró síbẹ̀. O ní, "Sà, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Festy ò kúkú lè ka àwòrán ilé. Òkúta nìkan ló mọ̀." Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

O kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni rí. Alábẹ̀wò ní kí n dí fèrèsé náà; ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń to òkúta lé òkúta, tí ìwọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn mi, o kò wo ibi tí mo wà. Sabina bi mí pé, "Bàbá, kí la ṣe tí ẹ fi ń dí i mọ́ wa?" Mo gbé òkúta tó kàn lé e. Malachy, ká ní o sọ fún mi ṣáájú pé ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ ń bà ọ́, fúnra mi ni ǹ bá gba ẹ̀bi náà rù fún ọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbéṣẹ́ fún mi mọ́ ládùúgbò yìí. Lọ́jọ́ Ajé, èmi, ìyàwó mi àti Sabina ń wọkọ̀ òkun lọ sí Boston.

Kí Ọlọ́run fún Mama Honor ní ọjọ́ alẹ́ tó tura. Ìwọ náà, kí ẹni tí o bá fẹ̀yìn tì má yẹ̀ fún ọ.

Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Festy Mulkerrin.

Àfikún: Mama Honor bẹ̀ mí kí n gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ tó kú lọ́dún yìí sára òkúta ibojì rẹ̀. Mo ti gbẹ́ ẹ tán. Òkú kò ṣẹ̀ mí.