Ọwọ́ Mi Nínú Fíìmù Náà

Màámi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Wọ́n ti parí fíìmù nípa àwa tá a kọ́kọ́ kó kàtúùnù Jàpáànù wọ ìlú yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn fún ẹgbẹ́. Àná la wò ó. Alága wa ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣáá: "Èmi ni mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀."

Ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n fi hàn, níbi tí mo ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ọwọ́ náà rẹwà o, Màámi! Mo pàtẹ́wọ́ títí. Alága ní, "O ṣeun tó o wá wò ó."

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí wọ́n bá bèèrè, ẹ ní mo wà nínú ẹ̀.